Nígbà Tí Géèjì Kò Sọ̀rọ̀ Mọ́

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè kò mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé olùkọ́ ńlá kan ló wá tún ayé mi ṣe. Ògiri ló máa ń kọjú sí bó bá ń sọ̀rọ̀. Bó bá bi wá ní ìbéèrè, kò ní jẹ́ ká mí kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dójú àmì, èmi tí mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìbàdàn rí mọ̀ pé ẹni tí kò lè kọ́ni yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ nǹkan.

Ọdún 1970 ni, ní Enugu. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan wà lójú ọ̀nà Emene tí ogun tì pa. Àwọn tó ni ín fẹ́ ṣí i padà, wọ́n bá rán Ajíbóyè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ l'Ékòó, pé kó wá tún bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di ooru, ṣe, kó sì kọ́ àwa mélòó kan bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Kí ogun tó dé, Nnamdi ọkọ mi ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òun ló máa ń jókòó nínú yàrá kékeré tó kún fún géèjì, ìyẹn àwọn ojú ìwọ̀n tó ń fi iye omi àti ooru hàn, níbi tó ti ń darí omi àti iná bọ́ílà láìfọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé wọ́n ń sanwó fún un láti jókòó.

Ìbàdàn la ti fẹ́ra. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìgbò di bó ò lọ, o yà fún mi lọ́dún 1966, àwọn òbí mi n'Íléṣà ní kí n jẹ́ kó máa lọ sílé rẹ̀, kí n gbé ọmọ wá fún àwọn. Mo bá a lọ sí Enugu, níbi tó ti rí iṣẹ́ bọ́ílà náà. Kò sí ẹni tó fi agbára mú mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi nítorí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba Enugu, a sá lọ sí abúlé wọn. Láti ibẹ̀ ni Nnamdi ti gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé wọ́n pe òun kí òun wá tún ẹ̀rọ kan ṣe ní ìhà Uzuakoli. Lẹ́yìn náà ni ìlú yẹn bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba. Kò sí ẹni tó jáde níbẹ̀ tó ní òun rí i.

Òfin ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà kò le. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí ogun tó dé, àyè rẹ̀ wà nílẹ̀ dè é. Bó bá ti kú, ìyàwó rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ náà, bó bá sì yege, kó gba àyè ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú yàrá méjì ní Achara Layout. Wọn kò ronú kan ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò kú, tí kò sì padà wá. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fi ọwọ́ họ orí, ó ní kí n máa kọ́ ọ ná, bí ẹ̀kọ́ bá parí kí n wá fi ẹnu ara mi sọ fún òun bóyá ọkọ mi kú tàbí kò kú. Bí mo bá ní kò kú, wọn yóò mú ẹnìkan wá láti Èkó kó máa di àyè náà mú fún un, kí èmi máa lọ sílé.

Ilé wo? Yàrá kan ni mo gbà ní Ogui, lọ́dọ̀ káfíńtà kan tó ti ń sọ pé àbúrò òun ń bọ̀ wá gbé níbẹ̀. Èmi àti Ijeoma ọmọ mi la jọ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, irun orí rẹ̀ tí ebi ti sọ di pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà dúdú ni. Iṣẹ́ yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni òrùlé rẹ̀, kò sí òmíràn.

Ẹ ó máa retí kí n sọ pé mò ń sunkún lóru. Mi ò sunkún. Bí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ náà á kú, onítọ̀hún á fojú rí i pé tòun ni, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi ṣe rí. Mo ń jẹun, mo ń fọṣọ, mo ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọlọ́run ló ń fún mi lókun, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀.

Boniface, ẹ̀gbọ́n Nnamdi, wà nínú kíláàsì pẹ̀lú mi. Òun ló ń dá iná bọ́ílà náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, ó sì gbà pé ẹ̀rọ kankan kò lè mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Nígbà ebi, ó máa ń pín ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sí méjì kó tó jẹ ẹ́, kó fún Ijeoma ní èyí tó tóbi. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. Bí géèjì kan bá lọ sílẹ̀, á fi ìka kàn án kó-kó-kó, á ṣí omi, á sì máa retí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá, bọ́ílà kò sì pa á.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ajíbóyè kọ́ wa kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Kí lo fẹ́? Kí ló wà ńlẹ̀? Kí lo máa ṣe sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn? Ó ní gbogbo ẹ̀rọ tó ń darí ara rẹ̀, ohun tó ń bi ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó ń se ẹ̀wà náà ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó fẹ́ kó rọ̀, ó ṣí ìkòkò wò, ó bu omi sí i tàbí kó fa igi iná sẹ́yìn. Boniface ní bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sídìí iná òun.

Ibi tó ti le ni dídúró. Bí o bá ṣí omi sí bọ́ílà nísinsìnyí, kò ní hàn lójú géèjì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró á tún ṣí i sí i. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá fi máa dé, omi á ti pọ̀ jù, á sáré tì í, á tún kéré jù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lé omi kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo wọn ló ń kó sínú ọ̀fìn yẹn, àfi èmi. Mo máa ń yí fáàfù omi díẹ̀, màá wá gbé ọwọ́ lé itan, màá máa wò ó. Ajíbóyè yìn mí níwájú gbogbo wọn, ó ní sùúrù mi pọ̀. Kì í ṣe sùúrù rárá. Kò sí ohun tó ń kán mi lójú ni.

Lọ́jọ́ kan ló wá kọ́ wa nípa òdo. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìròyìn omi láti ara bọ́ílà wá sí yàrá géèjì, nínú páìpù bàbà tín-ín-rín kan. Bí omi bá kún, afẹ́fẹ́ yóò ti ọwọ́ géèjì dé orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí omi bá gbẹ pátápátá, ọwọ́ náà kì í wálẹ̀ dé òdo, orí mẹ́ta ni yóò dúró sí. Helen, opó kan láti Ogui tí òun náà ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú wa, bi í pé kí ló dé tí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo bíi ti ọmọlúwàbí. Ajíbóyè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún gbogbo kíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí èmi, ó fi Yorùbá sọ ọ́.

"Ìyá Ijeoma, ẹni tó sọ fún yín pé òun ò ní nǹkan kan, ẹni yẹn ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Mẹ́ta nìyẹn. Tó bá já wálẹ̀ kọjá mẹ́ta, páìpù ló já. Ẹ ò mọ̀ bóyá omi kún, ẹ ò mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ẹ ò mọ nǹkan kan."

Mo bi í pé kí la ó wá ṣe. Ó ní ká pa iná.

"Tí omi bá wà níbẹ̀ ńkọ́, sà, tó jẹ́ páìpù nìkan ló já?"

"Ẹ ó ti pa iná lásán nìyẹn. Ọṣẹ ọjọ́ yẹn á bàjẹ́, mánéjà á bú yín. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti gbẹ, tí ẹ wá jẹ́ kí iná máa jó, tàbí tí ẹ sáré da omi tútù sórí irin tó ti pọ́n, kò ní sẹ́ni tó máa kù tó máa bú yín."

Ó tún fi fáàfù epo tó ń bọ́ iná bọ́ílà hàn wá. Sípíríìngì líle kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ tì í nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ láti inú páìpù mìíràn ló ń tì í sókè tí kò fi lè ráyè. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dá, sípíríìngì á ti fáàfù, iná á kú, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọwọ́. Ó ní ẹni tó ṣe é ti pinnu fún un tipẹ́, kí ọjọ́ burúkú tó dé, nítorí lọ́jọ́ burúkú èèyàn kì í lè ronú. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Mi ò ronú kan nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn ju pé ó gba ọgbọ́n.

Nígbà tí ìdánwò dé, méjì méjì la jọ ṣe é. Èmi àti Boniface ni wọ́n fi ṣe ẹgbẹ́. Èmi ni mo máa ka géèjì, òun ló máa yí fáàfù. Bọ́ílà ń jó wẹ́rẹ́, omi dúró déédéé, Ajíbóyè sì bọ́ sẹ́yìn ògiri bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. A kò mọ̀ pé ó lọ tú páìpù bàbà náà. Ọwọ́ géèjì já wálẹ̀, ó kọjá mẹ́ta, ó sùn sórí òdo.

Mo ní kò sí ìròyìn mọ́, pé kó pa iná. Boniface kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó fi ìka kan géèjì kó-kó-kó, ó ní omi ti tán, ó sì ṣí omi dé òpin. Mo na ọwọ́ kọjá lórí èjìká rẹ̀, mo ti epo. Iná kú. Ṣùgbọ́n omi ti kún bọ́ílà ní àkúnya, ó ti wọ inú páìpù ooru, gbogbo páìpù òkè ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbàù gbàù bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ ilé náà. Helen sá jáde. Boniface dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, nítorí ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́ lójú ogun. Èmi dúró. Kì í ṣe ìgboyà. Mò ń gbọ́ ariwo náà bí ẹni tó ń gbọ́ ti ilé aládùúgbò.

Ajíbóyè gbé Boniface dìde, ó gbọn eruku kúrò lára rẹ̀. Kò bú u. Ó kàn sọ fún un pé kò sí ohun tó rí níbẹ̀, òun ló sọ ohun tí kò rí di òfìfo. Wọ́n dá a padà sí ìdí iná níta, wọ́n sì kọ orúkọ mi pé mo yege. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú èsì ìbéèrè òun.

A jọ rìn padà sí Ogui lọ́jọ́ náà, èmi àti Boniface. Ó ń rìn níwájú mi títí a fi kọjá New Market. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ó dúró létí gọ́tà kan, ó bi mí ohun tí mo fẹ́ lọ sọ lọ́jọ́ Ajé.

Mo ní mi ò tíì mọ̀.

"Nwunye anyị," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, ìyàwó wa. "Who see him body?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rí i.

"Then make you no kill my brother with mouth."

Ó wù mí kí n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò gbà pé àbúrò òun kú nítorí pé kò sí ìròyìn, òun náà ló rí géèjì tí kò sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tó ní omi ti tán. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí méjèèjì.

Ẹ má sì rò pé mi ò wá a. Mo ti rìn dé Umuahia, mo ti dé ilé ìwòsàn, mo ti dé ọgbà tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú lójú ogun sí. Mo ti ṣàpèjúwe eyín rẹ̀ àti àpá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn tí kò wo ojú mi. Kò sí ẹni tó ní ó kú. Kò sí ẹni tó ní ó yè. Àwọn àgbà wa ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kó sọnù lọ, mo sì máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé òǹrorò ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ bá Ajíbóyè nídìí bọ́ílà. Mi ò lọ gba ìmọ̀ràn. Mo kàn fẹ́ gbọ́ Yorùbá ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní bóyá kí n kó Ijeoma lọ sí Iléṣà, pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹni kì í há. Inú bí mi díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tí nǹkan ti bí mi nínú. Mo bi í pé bí Nnamdi bá jáde nínú igbó lọ́la, ibo ni yóò ti wá wa, ṣé Iléṣà ni? Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ ṣáá. Ó wá ní òun kò lè bá mi pinnu, ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá ti já, ẹnìkan kò lè mọ òótọ́ mọ́, àfi kó wo èwo nínú àṣìṣe méjèèjì ni yóò sun ilé.

Mo ṣe é bí ìṣirò, nítorí ìṣirò ni mo mọ̀. Bí mo bá ní ó wà láàyè, tó sì wà láàyè, yóò padà wá bá àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá wa ní Enugu, torí káfíńtà yóò ti lé wa. Bí mo bá ní ó wà láàyè, tó sì ti kú, Ijeoma yóò sùn síta nítorí òkú. Bí mo bá ní ó kú, tó sì kú, òótọ́ ni mo sọ. Bí mo bá ní ó kú, tó wá padà dé, yóò bá ìyàwó tó pa á lẹ́nu, yóò bá ọmọ tó yó, yóò bínú sí mi. Kó wá bínú sí mi. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló já sí. Kò dùn mí níbì kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí Boniface wọlé pẹ̀lú mi, nítorí òun ni ẹbí. Ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ mi ti kú. Ó rọrùn lẹ́nu. Ọ̀gá náà ní òun bá mi kẹ́dùn, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá Achara Layout. Boniface ṣí fìlà rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dé sí Ogui pẹ̀lú Nkolika ìyàwó rẹ̀. Aṣọ dúdú wà lápá Nkolika, abẹ ìfárí sì wà nínú abọ́ omi. Boniface ní bí ìyàwó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àjèjì, ilé ti gbọ́ nìyẹn, ẹbí kò lè máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní wọn yóò sin ẹ̀wù Nnamdi kan dípò òkú rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní, "Ndo," pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ti sunkún dé ibi tí ẹkún parí sí, ó sì wá kẹ́dùn pẹ̀lú èmi tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo gbé orí sílẹ̀ fún Nkolika kó fá a bí wọ́n ti ń fá ti opó.

Abẹ náà ti fá orí mi dé ìdajì nígbà tí Ijeoma wọlé láti ibi tó ti lọ pọn omi. Ó wo irun tó wà nílẹ̀. Ó wo aṣọ dúdú. Èdè Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, díẹ̀ tó sì ní ti sọnù nínú igbó.

"Mama, who die?"

Nkolika dá ọwọ́ dúró. Boniface yíjú sí ògiri.

"Papa rẹ ni," mo ní.

"Who talk am?"

"Èmi ni."

Ó gbé garawa náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kí omi má baà dànù. Ó wò mí bí ìgbà tí èmi máa ń wo ọmọ tó ṣi ìṣirò kan ṣe.

"But you no see am," ó ní. "Go tell them say you no know."

Ibẹ̀ ló ti dùn mí. Gbogbo rẹ̀ ló dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ọjọ́ tó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ, mi ò sì rí ibi tí mo lè fara tì. Mo di àpótí náà mú. Ẹkún tó jáde lẹ́nu mi kò jọ ti èèyàn, Ijeoma sì bẹ̀rù, ó sá lọ dúró lẹ́yìn Boniface. Nkolika gbé abẹ kúrò lórí mi, ó bi mí bóyá kí òun dáwọ́ dúró.

Mo ní kó máa fá a lọ.